Èmi Ni Mo Kọ́kọ́ Dìde Lórí Koríko

Fẹ́sítákì,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn iṣẹ́.

Táyọ̀, Àyìnlá ọmọ mi,

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ wa jókòó sórí pápá, mánéjà kọ́ ló purọ́ fún wa. Èmi ni mo purọ́. Èmi náà ni mo sì kọ́kọ́ dìde.

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, mi ò ní pa á rẹ́. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ọ láti ìgbà tí o wà níléèwé girama, nígbà tí o bi mí pé kí ni mo ṣe tí àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin fi ń pè mí ní Kápúténì káàkiri Fẹ́sítákì. Ìtàn kan ni mo sọ fún ọ nígbà yẹn. Ìtàn náà dùn, o sì fẹ́ràn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ọjọ́ tí màá tún un sọ bó ṣe rí gan-an, mi ò rí ọjọ́ náà títí o fi pè mí lánàá lẹ́yìn ìsìn.

O ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti yàn ọ́ ṣe alága wọn nínú yúníọ̀nù àwọn agbábọ́ọ̀lù. Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ jó díẹ̀ nílé ìdáná, kí n má purọ́ fún ọ. Lẹ́yìn náà lo wá sọ èyí tó kù: pé aṣọ́lé yín tó ń mú bọ́ọ̀lù, tí ọwọ́ rẹ̀ kán, àwọn alákòóso fẹ́ lé e kúrò ní kámpù, pé ẹ máa jókòó sórí pápá ní Sátidé tó ń bọ̀, pé ìtàn ìyá rẹ lo sọ fún wọn tí gbogbo wọn fi gbà. O ní kí n wá sí ìpàdé yín ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mo ní màá rò ó. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Mọ́mì, kí ló wà níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ rò?"

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí o. Láti àárọ̀ ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Mo fọ aṣọ tí kò dọ̀tí. Mo lọ wo ìkòkò tí mi ò gbé kaná. Ìwé mẹ́wàá náà ni mo kà, o mọ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá mo lè to ọ̀rọ̀ yìí kó gún. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, wàá máa bẹ̀ mí kí n má da ara mi láàmú, èmi náà á sì dákẹ́ níbi tí kò yẹ kí n ti dákẹ́. Torí náà, kà á dé ìsàlẹ̀ kí o tó pè mí.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ wa. Ìlà ẹ̀yìn ni ìwọ náà ń gbá, mi ò ní kọ́ ọ ní ohun tí o mọ̀. Nígbà tiwa, èmi àti Àǹtí Ràfí rẹ, Ràfíátù tó ń ránṣọ ní Satellite Town, la jọ máa ń dúró láàárín. Òun ló yá lẹ́sẹ̀, èmi ni mo ga. Pápá oníyanrìn tó wà lẹ́yìn àwọn fúláàtì níbí la ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹgbẹ́ ńlá tó wá kó wa lọ sí kámpù. Níbẹ̀ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ti fi ọwọ́ ọ̀tún mi ṣe àmì. Bí mo bá ti gbé e sókè báyìí, gbogbo ìlà ẹ̀yìn á sáré jáde síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, atamátàsé wọn á kù sẹ́yìn wa, rẹfirí á sì fọn fèrè pé ọfusáìdì ni. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá dúró wẹ̀yìn ti ba iṣẹ́ gbogbo wa jẹ́ nìyẹn. Nítorí èyí, wọ́n sá wa lójú oòrùn títí kò fi sí ẹni tó tún ń béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọwọ́ yẹn. Ó mọ́ wa lára débi pé tí mo bá gbé ọwọ́ sókè nídìí oúnjẹ pé kí wọ́n fún mi lómi, àwọn tí a jọ ń gbá ẹ̀yìn á ti fẹ́ dìde, gbogbo kámpù á sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ibi ìdánrawò ni Ràfí ti fi orúnkún ṣèṣe. Kò sẹ́ni tó fara kàn án. Ó kàn yípo láti lé bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá a yí. Kò sí dókítà níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tó máa ń gbé omi wá fún wa la fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó jókòó sáàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, gbogbo ohun tó sì ń sọ fún mi ni pé kí n má jẹ́ kí ẹlòmíì wọ bàtà bọ́ọ̀lù òun. Nígbà tó fi máa padà dé, tó ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n ti gbé báàgì rẹ̀ síta sẹ́nu ọ̀nà, ìrọ̀rí rẹ̀ wà lórí ẹ̀. Mánéjà ní ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù ló ni bẹ́ẹ̀dì.

A ṣèpàdé lẹ́yìn ibi tí a ń sá aṣọ sí. A fẹnu kò pé tí rẹfirí bá ti fọn fèrè nínú ìdíje wa tó kàn, a máa jókòó sórí koríko, a ò sì ní dìde títí mánéjà á fi jáde wá síwájú èrò ìwòran, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Ràfí ń padà sí kámpù àti pé ẹgbẹ́ máa jẹ́ kí dókítà ṣe orúnkún rẹ̀. Ohùn tèmi ló le jù níbẹ̀. Ẹnì kan ní ẹ̀rù ń ba òun, mo ní kó lọ máa jó níbi ayẹyẹ bí kò bá lè gbá ẹ̀yìn. Èmi náà nìyẹn o.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, mánéjà ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Èmi nìkan. Mo retí pé ó máa pariwo mọ́ mi, mo ti múra sílẹ̀ dè é. Kò pariwo. Ó fún mi ní ìgò mọ́líìtì tútù kan, ó ní kí n jókòó.

"Kápúténì," ló wí, "ẹni tó ń ṣa ọmọ fún ikọ̀ orílẹ̀-èdè ń bọ̀ lónìí. Ìwọ ni mo ní kó wá wò."

Mo dúpẹ́.

"Mo gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ jókòó sílẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sórí koríko, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó ga?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Táyọ̀. Mo mu mọ́líìtì náà tán, mo nu ẹnu, mo jáde, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo débẹ̀.

Ìmọ̀ràn kìíní rèé. Má ṣe dá wọ ọ́fíìsì àwọn alákòóso, bó ti wù kí wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ pè ọ́ tó. Mú ẹnì kan dání, kí ẹni yẹn sì jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ jù. Tí wọ́n bá ní ìwọ nìkan làwọn fẹ́ rí, sọ fún wọn pé yúníọ̀nù kì í ṣe orúkọ tìẹ nìkan. Mánéjà yẹn ò nà mí, kò halẹ̀ mọ́ mi. Ohun tí mo ń fẹ́ láti kékeré ló mọ̀. Àwọn tìẹ náà mọ ohun tí ò ń fẹ́. Wọ́n mọ̀ pé o fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun. Sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ fúnra rẹ, kó má di pé ẹlòmíì ń lò ó fún ọ ní kọ̀rọ̀.

Rẹfirí fọn fèrè, a jókòó. Àwọn èrò kọ́kọ́ rò pé àdúrà la fẹ́ gbà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ọkùnrin kan ń bi wá pé ṣé kí òun lọ gbé ẹní wá. Àwọn tí a fẹ́ bá gbá dúró, wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí. Ràfí wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì mìíràn, ojú rẹ̀ ò kúrò lára wa.

Mánéjà jáde wá. Kò wọ pápá. Ó dúró lórí ìlà, kò jìnnà sí Ràfí rárá. Ó wò mí, ó wá yí ojú sókè sí abẹ́ òrùlé tí àwọn èèyàn pàtàkì ń jókòó sí. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wo ibi tó wò, mo rí ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun. Mo dìde. Mo sì gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè.

Mi ò ní sọ fún ọ pé ọwọ́ náà gbéra fúnra rẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Tí mo bá dá dìde, ojú gbogbo wọn ni màá ti di ọ̀dàlẹ̀. Tí mo bá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á jọ dìde. Wọ́n sì dìde lóòótọ́, gbogbo ìlà ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé wọn. Aṣọ́lé wa ń gbọn koríko lára, ó bi mí pé, "Ṣé ó ti gbà?"

Mo ní, "Ó ti gbà."

Irọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn kejì, òun ló sì jẹ mí lógún jù torí ọjọ́ Sátidé yìí. Àṣà pápá dára lórí pápá. Ẹ ò lè máa ṣèpàdé nígbà tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e wọ ọ̀rọ̀ yúníọ̀nù. Kọ́ àwọn ọmọ yìí láti máa bi ọ́ léèrè. Tí wọ́n bá ní alákòóso ti gbà, kí alákòóso náà wá sọ ọ́ sétí gbogbo yín. Tí ìwọ bá dìde, kí wọ́n wà lórí ìjókòó títí wọn á fi gbọ́ ìdí tí o fi dìde, kí ó má sì dùn ọ́. Mo mọ̀ pé ó máa ń dùn mọ́ni kí èèyàn gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo ayé gbéra. Ó dùn mọ́ mi. Òun ló ṣe rọrùn fún mi láti fi wọ́n ṣèré.

A gbá bọ́ọ̀lù náà, a sì borí wọn. Mo gbá a dáadáa pàápàá, èyí sì wà lára ohun tí mi ò tíì lè dárí rẹ̀ ji ara mi. Nígbà tí a dé kámpù, báàgì Ràfí wà níbi tó wà. Wọ́n yí mi ká. Mo ní mánéjà gbà fún mi lórí pápá, ó wá yí ohùn padà. Wọ́n bú u bí ẹni láyin. Mánéjà ní òun ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bóyá òótọ́ kan ṣoṣo tó sọ fún wa nìyẹn láti ìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Kí a tó tún kóra jọ, ẹ̀gbọ́n Ràfí ti wá gbé e lọ. Wọn ò ṣe orúnkún náà. O mọ bó ṣe ń rìn. Ní ti ọkùnrin onífìlà funfun, ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ kejì ló wá wò. Ó ti lọ kí a tó padà sínú pápá fún abala kejì. Kò béèrè orúkọ mi rí.

Ohun kan tún wà tí mi ò mọ̀ títí ó fi pẹ́. Ràfí sọ fún mi nígbà tó yá pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì ò tiẹ̀ jẹ òun lógún nígbà yẹn. Ìbá tẹ́ òun lọ́rùn láti sùn sílé ìyá òun, bí dókítà bá ṣáà ti máa ṣe ẹsẹ̀ náà. A ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ò pè é síbẹ̀. A ní kó sinmi. Torí náà, kí ẹ tó jókòó nítorí aṣọ́lé yín, lọ bá a níbi tó wà, kí o bi í ní ohun tó fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́. Tó bá ní kí ẹ má jókòó, ẹ má jókòó. Ọwọ́ tirẹ̀ ló kán.

Èyí tí o mọ̀ nípa yúníọ̀nù, òótọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé obìnrin kan mú kí ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, mánéjà ló dà á. Nígbà tí mo gbé bàtà kọ́, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣáájú àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin, èmi ni gbogbo wọn nawọ́ sí. Mo ṣiṣẹ́ o, Táyọ̀. Nínú yàrá kótópó tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn oníbátìrì ní Mazamaza, a jà títí àwọn ẹgbẹ́ fi gbà pé wọn ò ní gbé báàgì ẹni tó ṣèṣe síta mọ́ kí dókítà tó sọ̀rọ̀, àti pé ẹni tó mọ ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi ìdánrawò. O ti wá mọ ìdí tí mo fi ń pariwo báàgì, báàgì, tí àwọn èèyàn fi ń pè mí ní Ìyá Báàgì.

Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dórí ká má gbá bọ́ọ̀lù, màá rí nǹkan sọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ ká tún lọ rí wọn. Ọmọbìnrin kan bi mí lójú gbogbo ìpàdé pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó nígbà tiyín, kí ló dé tẹ́ ò fẹ́ kí àwa jókòó?" Mo ní ayé ti yí padà. Ìwọ náà mọ̀ pé mo fi ipò náà sílẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà yẹn, mo ní ìbàdí ń dùn mí, mo wá gba iṣẹ́ eré ìdárayá níléèwé tí mo wà ní Amúwo yìí. Kò sí ohun tó ń ṣe ìbàdí mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé tí wọ́n bá tún jókòó, ẹnì kan máa bi mí bí a ṣe dìde lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ọmọ mi, tí o bá ṣì ẹsẹ̀ gbé nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ yìí, sọ ọ́ kí ẹ tó bọ́ jẹ́sì. Wọ́n á bú ọ. Wọ́n lè gba ipò lọ́wọ́ rẹ. Jẹ́ kí wọ́n gbà á. Èmi pa tèmi mọ́, wọ́n sì fi mí jẹ alága, mi ò wá lè ṣe ohun tí alága ń ṣe.

Ó ku ọ̀kan, ìwọ náà sì wà níbẹ̀. Ṣé o rántí ìgbà tí o fẹ́ wọ iléèwé girama, tí a lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Ràfí kó wọn aṣọ rẹ? O na apá méjèèjì, ó ń fi téèpù wọn èjìká rẹ, èmi jókòó sórí àga àwọn oníbàárà. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Kápúténì, lọ́jọ́ yẹn, mánéjà ni mo ń wò láti ibi tí mo jókòó sí. Ẹnu rẹ̀ ò mì."

Mo ní, "Ohùn kékeré ló fi sọ ọ́."

Ó ní, "Ó dáa." Ó wá ní kí o yíjú sí ògiri kí òun wọn ẹ̀yìn rẹ.

Láti ìgbà náà, kò mẹ́nu bà á mọ́. Òun ló rán báàgì bàtà tí o gbé lọ sí kámpù. Òun ló gé fóòmù tó fi rán tìmùtìmù orúnkún fún ọ, tó ní kí o máa wọ̀ ọ́ níbi ìdánrawò, kó má lọ di pé o máa dà bí òun. Gbogbo ìgbà tí o bá fi fọ́tò ara rẹ ránṣẹ́ sí mi láti orí pápá, orúnkún rẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Mi ò mọ̀ bóyá ó ti mọ̀ tipẹ́, tó kàn ń fún mi láyè, tàbí ó gbà mí gbọ́. Èmi ò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Mi ò sọ pé kí ẹ má jókòó ní Sátidé. Tí aṣọ́lé yín bá fẹ́ ẹ, ẹ jókòó, kó sì dára. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má ṣe fi ìtàn mi ti ìgbà yẹn kó wọn jókòó mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ka ibi tí o bá fẹ́ nínú lẹ́tà yìí sí wọn létí, kí o wá bi wọ́n bóyá ìwọ náà ni wọ́n ṣì fẹ́. Bàbá rẹ ò tíì gbọ́ ọ. Bí ìwọ ṣe gbọ́ ìtàn náà lòun náà ṣe gbọ́ ọ. Tó bá tibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ yìí, màá sọ fún un.

Ṣùgbọ́n kò dáa kí ìwọ gbọ́ ọ ṣáájú ẹni tó ni orúnkún. Lọ́la, màá gba àyè níléèwé, màá gba Agboju lọ sí Satellite Town. Ràfí máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù kí àwọn ọkọ̀ tánkà tó gba ojú títì. Lẹ́tà yìí á wà nínú báàgì mi. Lẹ́yìn tí a bá ti sọ̀rọ̀ tán, bóyá ó bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa o, bóyá ó lé mi jáde o, màá gbé e lọ sí Mazamaza, màá fún awakọ̀ tó ń na ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín. Tí o bá ti ń kà á, a jẹ́ pé mo ti débẹ̀. Màá bi í bóyá ó fẹ́ wá bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ dípò mi. Tó bá sì ní òun ò fẹ́ rí ojú mi níbẹ̀, ẹ ò ní rí mi.

Mi ò ní jókòó sórí àga àwọn oníbàárà lọ́la. Màá dúró sójú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, níbi tó ti máa rí ẹnu mi dáadáa, màá sì sọ fún un pé ohun tó rí ló rí: ẹnu mánéjà ò mì.

Ìyá rẹ.